Kọ́ọ̀sì Tí Ìyá Rahmah Rán An Lọ

Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ti Ìyá Rahmah tàn án, ojú mi ló ṣe.

Ìsàlẹ̀ ilé wọn ni mò ń gbé ní Peckham. Ibi iṣẹ́ kan náà la jọ ń lọ, ní ọsibítù ńlá tó wà ní Camberwell, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn tí kò lè dá wẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì lèmi ń lọ, àmọ́ kò sí àṣírí láàárín wa. Mìsítúrà lorúkọ Ìyá Rahmah gan-an. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún Kàbírù ọkọ rẹ̀, ìyẹn Rahmah. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ní ọ́físà sójà lòun fẹ́ ṣe.

Àwa rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Rahmah yìí kẹ̀? Rahmah tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Rye Lane dé Camberwell Green, ibi tí èmi ń fẹsẹ̀ rìn dé pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí! Bí ajá kékeré bá gbó, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ń sá sí. Àmọ́ ọmọ náà ò ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní àwọn sójà máa ń ṣe kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ kan nígbà ooru fún àwọn ọmọ tó ń gbèrò láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà. Wọn kì í ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n bá rí lára ọmọ sílẹ̀, àwọn tó ń yan ọmọ sì máa ń kà á tó bá yá. Nítorí pé ọjọ́ orí rẹ̀ kéré, òbí gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé kó tó lọ.

Kàbírù ní òun kò ní buwọ́ lu nǹkan kan. "Rahmah, mi ò bí ẹ fún ìbọn. Finish."

Mo rò pé ariwo Ìyá Rahmah ni yóò pọ̀ jù. Ìdí wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Sherifdeen, ṣe sójà ní Nàìjíríà, ogun Liberia ló sì gbé e lọ. Wọn ò gbé òkú rẹ̀ wálé. Bàtà ni wọ́n gbé wá fún ìyá wọn, bàtà náà sì tóbi ju ẹsẹ̀ Sherifdeen lọ. Nítorí bàtà yẹn ni ìyá náà fi ń sọ pé kì í ṣe ọmọ òun ló kú, pé wọ́n ṣì í mú ni, títí òun náà fi kú. Mìsítúrà ló ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló gba báírò lọ́wọ́ ọmọ, tó buwọ́ lùwé, tí Kàbírù la ẹnu sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, níbi tí a ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù, mo bi í léèrè. "Ìyá Rahmah, ṣé kò sí o?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mummy Dáramọ́lá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí mo bá ní kó má lọ, á máa rò ó títí, tó bá di eighteen, á lọ fúnra ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ rí i. Rahmah tí mò ń wọ́n omi sí lójú kó tó jí kírun? Three days, á pè mí: 'Mummy, come and get me.' Ọ̀rọ̀ sójà parí nílé wa nìyẹn."

"Tí kò bá pè ńkọ́?"

"Á pè. Èmi ni mo bí i."

Ọgbọ́n yẹn kì í ṣe tuntun láàárín wa. Nígbà tí Dáramọ́lá ọmọ mi ń ṣagídí, Nàìjíríà ni mo fi í ránṣẹ́ sí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kò sì pẹ́ tó fi ń bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ padà. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní kí Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí Rahmah lọ, òjò kò dá. Inú ìyá rẹ̀ ń dùn sí òjò. "Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n á wà báyìí," ló ń sọ. Ó ti ra ẹran ewúrẹ́ pamọ́, pé ebi á ti pa ọmọ òun kó tó dé. Mọ́ńdè kọjá, kò pè. Túsìdeè kọjá. Ní Tọ́sìdeè, ibi tí a ti ń jẹun ọ̀sán ní ibi iṣẹ́ ni fóònù ti dún. Ìyá Rahmah ti dìde, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Ṣé mo sọ fún yín!" Ó ṣí ohùn fóònù sókè kí èmi náà lè gbọ́.

"Mummy, ẹ ò ní believe. Wọ́n ní kí n lead àwọn yòókù kọjá odò. In the rain! Everyone was panicking. Wallahi, Mummy, mi ò bẹ̀rù rárá. Mi ò mọ̀ pé mo lè ṣe é."

"Ṣé... ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. I have to go. Love you."

Ìyá Rahmah jókòó. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọmọ náà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, kò sì ráhùn. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ gbé ife omi lọ sí yàrá rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó bá a lórí ẹní, ó ti ń kírun. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ibẹ̀ lọ́kàn òun ti já.

Rahmah pé ọdún méjìdínlógún, ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n pè é fún ìdánwò. Ìyá Rahmah wá sọ fún mi lójú mi méjèèjì pé òun ń bẹ Ọlọ́run kí ọmọ òun feèlì. Èmi tí mo gbààwẹ̀ fún gbogbo ìdánwò àwọn ọmọ mi! Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe àmín. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo ṣe é.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti mú Rahmah.

"Daddy, ẹ gbọ́," ni Rahmah wí. "Wọ́n ní grades mi ò fi bẹ́ẹ̀ strong. Ká ní ti ìwé nìkan ni, wọn ò ní mú mi. Ohun tí wọ́n rí ní summer yẹn ló gbé mi wọlé." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ní interview, wọ́n bi mí pé ta ló wà lẹ́yìn mi. Mo ní Mummy mi. Mo ní gbogbo èèyàn said no, Mummy mi nìkan ló mọ ohun tó wà nínú mi, kí èmi gan-an tó mọ̀. Mummy, ẹ ṣeun tí ẹ rán mi lọ."

Ó kúnlẹ̀. Kàbírù wo ìyàwó rẹ̀ títí, ó ní, "Mìsítúrà, o ti ṣe é." Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí ẹ̀bi.

Ìyá Rahmah gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, ó ṣàdúà fún un, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ó wá ní òun fẹ́ lọ wo ìrẹsì lórí iná. Mo tẹ̀lé e. Nígbà tí mo máa wọ kíṣìnì, ó ti ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀.

"Sọ fún un," ni mo wí. "Ọmọ ẹ ni. Tó bá mọ̀ pé o ò fẹ́ ẹ rí, bóyá á tún un rò."

Ó mi orí. "Ẹ má sọ fún un láéláé, Mummy Dáramọ́lá. Níbi tó ń lọ yẹn, ó lè dọjọ́ kan tí kò ní í ní nǹkan míì lọ́wọ́ ju pé ìyá òun gbà pé òun lè ṣe é. Ṣé kí n wá gba ìyẹn náà lọ́wọ́ ẹ̀ ni?"

Rahmah ń ké láti pálọ̀ pé kí Mummy òun wá, kí àwọn ya fọ́tò. Ìyá rẹ̀ bomi sójú, ó fi ìborùn nù ún, ó lọ. Èmi ni wọ́n gbé fóònù fún. Rahmah dì mọ́ ọn lọ́rùn, Ìyá Rahmah sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ya fọ́tò náà kí n tó dá fóònù padà.