Orúkọ Tó Wà Lára Ọ̀pá Òjé

Ọdún kejìlá rèé tí Fẹ́tíà ti ń gbé ìkòkò omi gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin wọn ní Róòmù. Omi ọ̀hún ti orí òkè jíjìn wá, ó ń gba orí afárá olókùúta wọ ìlú, ó sì ń tú sínú agbada òkúta tó wà ní ìkóríta, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń tò láti pọn ún. Sábídíù ọkọ rẹ̀ ló ń rọ ọ̀pá òjé tí omi ń gbà wọ ilé àwọn tí ọba fún láṣẹ. Síbẹ̀, ẹ̀kán kan kò kán sílé tirẹ̀.

Àfi bí omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójijì ní ṣọ́ọ̀bù Númísíà, opó alágbàfọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé. Bí Fẹ́tíà, ìyá Gáyà, bá ti ń kọjá tó gbọ́ ìró rẹ̀, inú rẹ̀ á máa ta bí ẹni fi ata pa á.

"Ìyá Gáyà, ẹ jẹ́ n bù díẹ̀ fún yín," ni Númísíà máa ń wí.

"Ẹ ṣeun. Apá mi ò tíì rọ."

Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó gba ọ́fíìsì àwọn alábòójútó omi lọ. "Ẹ wá wo abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn. Ta ló fún un láṣẹ?"

Wọ́n wá, wọ́n gbẹ́lẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹnì kan ti dá ihò sára ọ̀pá ńlá ìjọba, ó sì fa ọ̀pá kékeré látibẹ̀ lọ sílé opó. Ọ̀gá wọn nu ẹrẹ̀ ara ọ̀pá kékeré náà kúrò, ó sì ka orúkọ ẹni tó rọ ọ́, tí wọ́n tẹ̀ sí i lára.

"Sábídíù."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà," ni Fẹ́tíà wí.

Nírọ̀lẹ́, ó kojú ọkọ rẹ̀.

"Ó bẹ̀ mí ni," ni Sábídíù wí. "Ìwọ ò bẹ̀ mí rí."

"Ṣé ó dìgbà tí mo bá bẹ̀ ọ́ kí o tó mọ̀ pé ọrùn ń dùn mí? Ọdún méjìlá, o ò rí mi lórí àtẹ̀gùn yẹn?"



Wọ́n yọ ọ̀pá náà, wọ́n dí ihò rẹ̀. Wọ́n rán Sábídíù lọ sórí òkè fún ọdún kan, kó máa kó ẹrẹ̀ kúrò nínú ihò tí omi ń gbà. Láàárọ̀ tó ń lọ, Fẹ́tíà dúró lẹ́nu ọ̀nà, omijé ti ń kó sí i lójú. Kó tó bọ́, Númísíà ti fi ìborùn bojú, ó ń sunkún kíkan. Òun làwọn aládùúgbò sáré lọ rẹ̀ lẹ́kún.

Fẹ́tíà gbé ojú gbígbẹ rẹ̀ wọlé.