Mo Bá Wọn Wo Yàrá Mi

Éjẹ́ǹtì pè mí lórí fóònù pé àwọn kan ń bọ̀ wá wo yàrá mi lọ́sàn-án Sátidé. Ó ní kí n tún un ṣe, kí n sì wá ibì kan gbà lọ. “Ẹ má bínú, Mọ́mì. Tí wọ́n bá bá èèyàn nínú ilé, ara wọn kì í balẹ̀.”

Ara tèmi wá ńkọ́? Kò bi mí. Látìgbà tí bàbá onílé ti kú, tí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ti gba ilé, ohùn ọkùnrin yìí nìkan ni mo mọ̀. Kò rí mi sójú rí.

Yàrá yẹn ni ọkọ mi kú sí. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti kó ẹrù lọ tí kò bojú wẹ̀yìn. Àdúgbò wa ti wá di ti olówó. Ṣọ́ọ̀bù bàbá tó ń tún bàtà ṣe ti di ilé kọfí, àwọn alájọgbé mi sì ti kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó rọ́pò wọn kì í kí èèyàn. Nígbà míì, ilẹ̀ á mọ́, á tún ṣú, mi ò ní gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnì kankan.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣa aṣọ àlòkù, ti òtútù lọ́tọ̀, ti ooru lọ́tọ̀. Òfin wa ni pé ẹni tó bá já bélì, ìyẹn ìdì aṣọ tó ti òkè òkun dé, ló ń kọ́kọ́ mú ẹyọ kan kí ọ̀gá tó fojú kàn án. Bí mo ṣe ní gáùn funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan àti akẹtẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Aṣọ òkú ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń bú wa. Ní báyìí, àwọn olówó ló ń tò sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ní òun ló gbayì. Ẹ ò rí ayé bí?

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí àwọn àlejò bá gba yàrá, mo ti di ẹni ìta nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ọmọ onílé lè fi mí sílẹ̀ síbẹ̀. Mo wọ gáùn, mo dé akẹtẹ̀, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Éjẹ́ǹtì dé pẹ̀lú tọkọtaya kan. Ó wo aṣọ mi látòkè délẹ̀, ló bá rẹ́rìn-ín. “Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ẹ̀yin náà wá wo yàrá ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” mo fi ohùn olówó dá a lóhùn.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn mi. Mo tẹ̀ lé wọn wọlé. Gáùn olódòdó tó wà lọ́rùn ìyàwó, èmi ni mo tú u jáde nínú bélì.

“Hẹn-ẹn! Ibí náà rèé?” Mo bẹ̀rẹ̀. “Òrùlé yìí ń jò o. Fèrèsé yìí ò ṣeé ṣí. Èkúté sì wà níbí, àbí ẹ ò gbóòórùn ni?” Kò sí èkúté kankan. Èmi tí mò ń fọ ilẹ̀ yẹn lójoojúmọ́! Ó dùn mí bí ìgbà tí mò ń bú ọmọ mi lójú àlejò.

Ìyàwó ń wo tábìlì mi. “Ife kan, ṣíbí kan. Níbo lẹni tó ń gbébẹ̀ máa lọ?”

“Á ní èèyàn,” éjẹ́ǹtì ní. “Àbí, mà?”

Gbogbo wọn kọjú sí mi. “Ó yẹ kó ní,” mo ní.

Ọkọ ní àwọn ò gbà á, wọ́n sì lọ. Díẹ̀ ló kù kí n jó. Ni éjẹ́ǹtì bá pe ọmọ onílé lórí fóònù níṣojú mi. “Ọ̀gá, ibí ò ṣeé gbé fún ọmọ èèyàn mọ́. Màmá kan tó wá wò ó náà ní òrùlé ti bàjẹ́, èkúté ti gba ilé. Ẹ jẹ́ ká wó o. Màá ní kí Mọ́mì tó ń gbébẹ̀ kó jáde lóṣù yìí.”

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

“Irọ́ ni mo pa,” mo ní. “Kò sí èkúté. Èmi ni mò ń gbébẹ̀.” Mo fi kọ́kọ́rọ́ mi hàn án.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Kò bú mi, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ó fọwọ́ bo fóònù, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mọ́mì, ẹ tètè wá ẹnì kan tó máa bá yín bẹ ọ̀gá. Ó máa ń gbẹ̀bẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà mọ̀ yín. Ẹ pè é báyìí.”

Mo mú fóònù mi jáde. Mo wò ó títí.

“Màá pè é,” mo ní. Mi ò mọ ẹni tí mò ń sọ.