Ariwo Inú Wáyà

Nígbà tí mọ́dẹ̀mù Bàrákátù tún han gooro láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣe ló fò dìde lórí àga, ó pàtẹ́wọ́. "Ó ti wọlé! Ìyàwó wa, ó ti wọlé!" Ariwo ọ̀hún kò dùn létí rárá, àfi bí ẹni tẹ ológbò nírù, ṣùgbọ́n létí Bàrákátù, kò sí orin tó dùn tó o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rọ tó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ wáyà tẹlifóònù ti bá ti Èkó sọ̀rọ̀, Èkó ló sì máa fi fótò ọmọ tuntun ránṣẹ́ sí Àbíjàn.

Sìdíkàt gbé ọmọ mọ́ àyà, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìlà búlúù kékeré kan ń gùn lójú ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀. Ó gùn, ó gùn, ó dúró. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà síta pé líìnì ti já.

"Ó tún ti já o, Adúmáradán," ni Sìdíkàt wí. Ìyàwó ilé ni, kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ.

"Kò já síbì kankan," ni Bàrákátù fi ìkanra dáhùn, bẹ́ẹ̀ ojú òun náà ló ṣe.

Ràmọ́nù ló dá gbogbo èyí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàrákátù ni, òun ni ọkọ Sìdíkàt, inú ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja ló sì ti ń ṣiṣẹ́ ní Àbíjàn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti wá ọmọ títí, ẹnu ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Sìdíkàt wá bímọ sílé ní Èjìgbò, àfi bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ gbé bàbá ọmọ lọ sójú òkun fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àárọ̀ yẹn ló pè: ìrọ̀lẹ́ làwọn ń gbéra, òun sì ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oníńtánẹ́ẹ̀tì kan létí èbúté. "Bàrákátù, o ní ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kí n rí ojú ọmọ mi kí n tó lọ. Mo bẹ̀ ọ́." Ràmọ́nù kì í bẹ èèyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sì kúrò létí àbúrò rẹ̀.

Ẹnu Bàrákátù fúnra rẹ̀ ló kúkú kó bá a. Láti ìgbà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wọn, kò sẹ́ni tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì tí kò ní gbọ́ pé òun lè fi àwòrán ránṣẹ́ sí òkè òkun kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ó ti fọ́nnu yìí dé àwọn ìlú ìtòsí bíi Masifa àti Isundunrin. Kò sọ fún ẹnì kankan pé òun ò tíì dán an wò rí.

Ó yọ wáyà, ó fẹ́ eruku ibẹ̀, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó tàn án. Mọ́dẹ̀mù han, ìlà gùn, líìnì já. Nígbà tó sú u, ó ránṣẹ́ pe Oyèwọlé, ẹni tó ń bá wọn tún tẹlifóònù ṣe láàárín ìlú. Ọkùnrin náà dé tòun ti àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí Bàrákátù ka iye eré tí wọ́n kọ sára páálí mọ́dẹ̀mù fún òun. Bàrákátù kà á tìgbéragatìgbéraga, torí eré yẹn ló ṣe rà á.

"Wáyà tó dáa ni wọ́n kọ ìyẹn fún," ni Oyèwọlé wí. "Èyí tó ti ibí lọ sí Òṣogbo ti gbó. Tó o bá ní kó sáré ju bí ọ̀nà ṣe rí lọ, ẹrù á máa já bọ́, á sì máa padà lọ ṣà á. Jẹ́ kó rọra rìn."

Inú Bàrákátù kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó dín eré ẹ̀rọ kù. Ó pe Èkó. Ìlà búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó kọjá ibi tó ti ń dúró tẹ́lẹ̀, ó dé ìdajì. Wọ́n hó yèè! Ọmọ ta gìrì. Ibẹ̀ ni líìnì tún já sí.

Oyèwọlé fajú ro. "Èyí kì í ṣe ti eré mọ́. Nǹkan kan wà lórí wáyà yìí." Ó mú tẹlifóònù kékeré tó fi ń dán líìnì wò, ó so ó mọ́ wáyà, ó gbé e sétí. "Tún un pè."

Mọ́dẹ̀mù han. Oyèwọlé ń gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó na tẹlifóònù náà sí Bàrákátù. Láàárín ariwo tó ń hó ṣìì bí ìgbà tí wọ́n ń din nǹkan, ohùn obìnrin kan ń ké: "Aló! Aló! Ràmọ́nù! Sà fa? Ṣé àlàáfíà lo wà, ọmọ mi? Aló!"

Bàrákátù sáré gun àtẹ̀gùn. Ìyá wọn, Ìyá Àgbà Sàfúrátù, jókòó sí etí ibùsùn, ó di tẹlifóònù àtijọ́ tó wà ní yàrá rẹ̀ mú gírígírí. Agogo tẹlifóònù yẹn kò dún mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, gbogbo ilé sì ti gbà pé ó ti kú. Ẹnì kankan ò rántí pé etí rẹ̀ ṣì wà láàyè, lórí wáyà kan náà tó lọ sísàlẹ̀.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń kí ọmọ mi ni. Tí mo bá ti gbọ́ igbe yẹn nísàlẹ̀, mo mọ̀ pé Àbíjàn ti wọlé. Ṣé kí wọ́n wọlé kí n má kí wọn?" Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀. "Ṣùgbọ́n kì í dá mi lóhùn. Ariwo ló ń pa mọ́ mi. Bàrákátù, kí ni mo ṣe fún Ràmọ́nù?"

Bàrákátù sún mọ́ ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, kì í ṣe òun. Ẹ̀rọ ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e, ọ̀rọ̀ wọn á dàrú."

"Irú ọ̀rọ̀ wo ni kíkí ń dà rú?" ni Ìyá Àgbà bi í.

Bàrákátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó mú màmá sọ̀ kalẹ̀, Oyèwọlé sì yọ wáyà òkè kúrò. Bàrákátù tún pe Èkó.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pe ìrun Àsárì. Bàrákátù fojú wọn bí ìlà ṣe ń rìn, ó rí i pé pẹ̀lú bó ṣe ń lọ yìí, ọkọ̀ á ti wọ agbami kí fótò tó dé. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un láti fi kún eré.

"Má dán an wò," ni Oyèwọlé wí. "Ibi tí agbára líìnì yìí mọ nìyẹn. Fótò ni kó o dín kù."

Bàrákátù bá yọ àwọ̀ kúrò lára fótò náà, ó di dúdú àti funfun. Ó gé kọ́tìnì. Ó gé ibùsùn tí wọ́n tẹ́ aṣọ olówó iyebíye sí. Síbẹ̀ ó ṣì tóbi. Ó ku ìyá àti ọmọ.

Sìdíkàt ti dirun nítorí fótò yìí. Ó ti lé tìróò, ó ti wé gèlè tí ọkọ rẹ̀ rà fún un. Ó wo ara rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà fúngbà díẹ̀.

"Ẹ gé mi kúrò," ló wí. "Ó mọ ojú tèmi."

"Ìyàwó wa…"

"Ẹ gé mi, Adúmáradán. Ọmọ ni kó rí."

Bàrákátù gé e. Ó ku ojú kékeré kan, imú pẹlẹbẹ, ẹnu tó yà díẹ̀. Ó fi ránṣẹ́. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ẹnu, kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ìlà búlúù rọra ń gùn, ó kọjá ìdajì, ó ń lọ, ó ń lọ, ó dé òpin.

"Ó ti lọ!" Bàrákátù pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì yà wá wò ó. Oyèwọlé alára jó yí àpò irinṣẹ́ rẹ̀ ká. Bàrákátù wá pa mọ́dẹ̀mù kí líìnì lè ṣófo fún Ràmọ́nù láti pè, gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wo tẹlifóònù.

Ó pẹ́ kó tó dún. Bàrákátù já a gbà. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ ti rí i?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ariwo kan ló ń wá, ó ń já, ó ń so, ó ń fẹ́ fìì, ó tún ń já. Bàrákátù gbọn wáyà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ju ọwọ́ sí Oyèwọlé. "Líìnì ti tún bàjẹ́! Ẹ tètè wá wò ó!"

Oyèwọlé gba tẹlifóònù, ó fi sétí. Ó wá rọra gbé ọwọ́ Bàrákátù kúrò lórí wáyà.

"Kò sóhun tó ṣe líìnì," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń sunkún."

Ó gbé tẹlifóònù náà fún Sìdíkàt.