Ẹja tó wà lábẹ́ ọkọ̀

Odidi ọjọ́ méjì ni Verna fi fọ ọkọ̀ pupa tó ṣeé ká lórùlé, tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, kó lè rí i tà. Àṣé iṣẹ́ òfo ni. Delmar, ọkùnrin tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ, tó wá rà á láti Ohio dé Flint, kò wo ara ọkọ̀ tó ń dán. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.

"Bàbá, ṣé ẹ wá sùn ni?"

"Màdáámú, ṣé ẹ ò fọ abẹ́ ibí?"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ta ló ń wo abẹ́ ọkọ̀?"

"Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀yìn yín tí ò jẹ́ kí ẹ fọ̀ ọ́. Irú ọkọ̀ yìí ò pé ogún mọ́ láyé, àmì tí òṣìṣẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì yà sí i lọ́dún 1970 sì wà níbí. Ẹja ni."

Verna gbàgbé ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ tọ̀ ọ́. Ẹja náà ní ojú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá rẹ̀, tó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, máa ń yà á sára àpò oúnjẹ tí Verna ń gbé lọ síléèwé nígbà tó wà lọ́mọdé.

Delmar ṣí fìlà. "Ṣé ẹ ṣì máa tà á?"

"Màá tà á. Ẹ jẹ́ ká ṣì wà níbí ná."