Èèpo Ìwé Bàbá Théodore

"Wọ́n ní ìwé bàbá yẹn… èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn…"

"Ṣé Háàrúnà ọ̀hún náà ni? Wọ́n ní wọ́n rí i ní…"

"Ní àdúgbò Jonquet, pẹ̀lú òyìnbó kan. Ẹ má wí pé ẹnu mi lẹ ti…"

Fàdílátù aládùúgbò ló ń dá ọ̀rọ̀ náà nídìí ẹ̀rọ omi, Tàǹtí Geneviève, àbúrò ìyá Monísọ́lá, ń gbè é. Monísọ́lá dúró lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n sá, abọ́ ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

Ó mọ ibi tí ìwé náà wà. Ó wà ní ọjà Dantokpa, nínú àpótí Háàrúnà, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e lọ síbẹ̀.

Ìwé Bàbá Théodore, bàbá ìyá rẹ̀, pọ̀ bí ìwé olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ṣe ń pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni bàbá ń fi aṣọ funfun wé. Ìtàn àròsọ ni, ní èdè Faransé, nípa ìlú kan lọ́jọ́ iwájú tí wọ́n ti wó gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n palẹ̀. Bí wọ́n bá dá ènìyàn lẹ́bi níbẹ̀, ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ni yóò bá a gbé yàrá kan náà, wọn yóò jọ máa jẹun nínú àwo kan títí ìjìyà yóò fi pé. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà péré ni wọ́n tẹ̀, òǹkọ̀wé sì fọwọ́ sí èèpo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ ni Monísọ́lá ti kọ́ Faransé, nílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá, nítorí ìtìjú kì í jẹ́ kó lanu nílé ẹ̀kọ́.

Nígbà tó gbọ́ pé ẹnìkan ń bọ̀ láti Faransé wá rà á, ojú tì í fún bàbá. Èèpo náà ti ya, kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Ta ní í tẹ́ ẹní àkísà fún àlejò? Ó yọ́ gbé e lọ fún Háàrúnà, ẹni tó ń fi awọ pupa bo Kùránì àti ìwé àdúrà àwọn Àgùdà. Ọjọ́ tó yẹ kó lọ gbà á ló gbọ́ tí bàbá ń sọ lórí fóònù pé èèpo yẹn gan-an ni ìwé. Bí èèpo náà kò bá sí, bébà lásán ni. Ó sáré lọ sí Dantokpa. Èèpo àtijọ́ ti bá ìdọ̀tí ọjà lọ. Ó bẹ Háàrúnà kó fi ìwé náà pamọ́, kó sì dákẹ́.

Nígbà tí bàbá wá ìwé tì, Tàǹtí bi í léèrè ta ló wá sílé lọ́sẹ̀ náà. Monísọ́lá ní Háàrúnà wá kí bàbá lọ́jọ́ Ajé. Òótọ́ ni. Òótọ́ yẹn ni wọ́n ń gbé kiri láti ìgbà náà.

Lọ́sàn-án, bàbá ránṣẹ́ pe Háàrúnà. Nígbà tí Háàrúnà dé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì. Awọ pupa ń dán. Bàbá fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń wá ojú ènìyàn nínú òkùnkùn.

"Olè òde òní tún ń dá ẹrù padà fún onílé," ni Tàǹtí wí. Ó ti ń wá nọ́ńbà ọlọ́pàá nínú fóònù rẹ̀.

Bàbá kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Háàrúnà, ta ló ní kí o ṣe é?"

"Bàbá, ọwọ́ mi ló ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní àwọn ìyá ìjọ ti wá kó ìwé àdúrà wọn lọ láàárọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ olè tí wọ́n gbọ́, ilẹ̀ ìsọ̀ òun ti gbòòrò báyìí, òun lè na ẹsẹ̀.

Lẹ́bàá ìlẹ̀kùn tó dúró sí, Monísọ́lá ń ṣí ìwé náà lọ́kàn rẹ̀, ojú ewé dé ojú ewé. Ìyà wà fún ẹni tó ṣẹ̀, ìyà wà fún ẹni tó fẹ̀sùn kàn án. Kò rí ojú ewé kankan fún ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀ kó tó mọ̀.

"Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ."

Fóònù dúró lọ́wọ́ Tàǹtí. Háàrúnà mi orí sí Monísọ́lá, bí ẹni ń sọ pé kò pọn dandan. Bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Kí lo sọ fún un? Bí o ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí o sọ ọ́. Má yọ ọ̀kan."

Monísọ́lá gbé ojú sókè sí bàbá.

"Mo ní: 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dárúkọ mi. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n fura sí, kò ní dun bàbá tó bí yóò ṣe dùn ún bó bá jẹ́ èmi.'"