Abẹ́rẹ́ Tí Kò Jẹ̀bi

Télọ̀ ti yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sọnù, ó ti fi tuntun rọ́pò, ó ti kán epo sí gbogbo oríkèé rẹ̀, síbẹ̀ etí aṣọ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń rán kò yéé wọ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ ọ̀hún nílé, kì í sì í ṣe iṣẹ́ jákujàku. Ta ni ìyá rẹ̀ ìbá fura sí bí kò ṣe ẹ̀rọ?

"Ẹ̀rọ burúkú yìí, o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́!" Ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbà tó wo ojú ọmọ náà ló wá di ìjà. Ẹnu Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fà sọ́tùn-ún, ó ń fà sósì.

"Èmi lo ń yọ ṣùtì sí?"

"Mọ́mì, èmi kọ́ o. Ńṣe ló ń fà fúnra rẹ̀." Omijé bọ́ lójú ọmọ náà. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n ń ta pọ́ún-pọ́ún láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Télọ̀ tẹjú mọ́ wọn. Ọwọ́ yẹn ló fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé lọ́jọ́ iwájú.

Nílé ìwòsàn, ìbéèrè tí dókítà kọ́kọ́ bi wọ́n ṣàjèjì létí télọ̀.

"Ǹjẹ́ ọ̀nà ọ̀fun dùn ún láìpẹ́ yìí?"

Ó dùn ún lóṣù mélòó kan sẹ́yìn. Omi iyọ̀ ni wọ́n ní kó fi fọ ọ̀fun, ìrora náà lọ, wọ́n sì gbàgbé. Dókítà ní kòkòrò inú ọ̀fun ni ara ń bá jà, ìjà náà ló wá ṣìnà dé ọpọlọ tó ń darí ọwọ́ àti ẹnu. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó tún lè ṣe ọkàn léṣe. Wọ́n ya àwòrán ọkàn ọmọ náà. Télọ̀ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí tí èsì fi dé.

"Ọkàn rẹ̀ ò ní nǹkan kan. Ọwọ́ náà á padà bọ̀ sípò, ẹ fọkàn balẹ̀. Àmọ́ a ó máa gún un lábẹ́rẹ́ lóṣooṣù, ẹ ò sì gbọdọ̀ pa á jẹ o, kí àrùn ọ̀fun náà má baà tún padà."

"Abẹ́rẹ́ lásán? Ẹ gún èmi náà mọ́ ọn!" Télọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu ọmọ náà ṣíwọ́ fífà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì rọlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì rán etí aṣọ kan dópin. Ó tọ́ gbọnrangandan. Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rọ ló dì mọ́.

"Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Mo parọ́ mọ́ ọ."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbójú sókè. "Èmi ńkọ́, Mọ́mì?"

Télọ̀ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbé wọn lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀, wọn ò ta mọ́.