Opó Ọ̀sẹ̀ Méjì

Àwọn òyìnbó ìjọ tó máa ń wá sí Nasomba lọ́dọọdún, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń dé, nígbà tí ọ̀nà bá ti gbẹ tí ọkọ̀ lè rí i gbà wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò. Lọ́dún kan wọ́n kun ilé ìjọsìn wa ní ọ̀dà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n tún un kùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà àkọ́kọ́ kò tíì ṣí. A kì í bá wọn jiyàn. Ẹni tó wọ ọkọ̀ òfurufú nítorí tìẹ, tó ń ru bíríkì títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, kí lo fẹ́ sọ fún un? A máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn, a ó sì pa adìyẹ.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìjọ wọn ránṣẹ́ ṣáájú pé ilé opó làwọn fẹ́ bá kan páànù lọ́tẹ̀ yìí. Páànù dé, ìṣó dé, ilé tí wọ́n máa kàn án lé ni kò sí. Kì í ṣe pé a ò ní opó. A ní wọn, àmọ́ amọ̀ lásán ni ògiri ilé wọn, òjò sì ti jẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Bí o bá gbé páànù lé e, ilé á wó pa opó. Kí wọ́n tó wó o, kí wọ́n tó tún un mọ, àlejò á ti padà sílé. Ilé oníbíríkì sísun tó ti dúró, tó ń retí òrùlé, ẹyọ kan ló wà ní gbogbo Nasomba. Ilé Enelesi ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Enelesi ní ọkọ.

Laitoni, ọkọ rẹ̀, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ilé náà. Lẹ́yìn òkè ni abúlé ìyá rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ló ti wá fẹ́ Enelesi, tó sì wá ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ìyàwó bí gbogbo ọkọ ti ń ṣe lágbègbè wa. Lójú àwọn àna, ilé tí ọkùnrin bá kọ́ fún ọmọ wọn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkùnrin ni, tàbí àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n gbé tì sí kọ̀rọ̀. Àwọn àna Laitoni kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú sí wọn nínú. Bó bá ń kọjá, wọn á ní, "Àna wa, ṣé ìràwọ̀ lẹ fẹ́ fi bo ilé ọmọ wa ni?" Laitoni á rẹ́rìn-ín, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn kan kì í kọjá kó má po amọ̀, kó má gé bíríkì, kó má sun ún, títí ògiri fi ga tó. Koríko ló fi bo yàrá tí wọ́n ń sùn. Ó sì ti sọ fún Enelesi pé bó pẹ́ bó yá, ọwọ́ òun ló máa kan páànù.

Pásítọ̀ Kumbweza ló wá bá Enelesi nídìí ààrò.

"Ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni," ó ní. "Kí Laitoni lọ sí etí adágún, kó lọ bá wọn pẹja. Tí àwọn èèyàn yìí bá lọ tán, kó máa bọ̀."

"Tí wọ́n bá wá béèrè rẹ̀ ńkọ́, Pásítọ̀?"

"Ta ló ní kó o dáhùn? Ṣebí èmi ni mò ń túmọ̀. Ìwọ ṣáà ti máa wolẹ̀."

"Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

Pásítọ̀ wúkọ́. "Màá ní ìwọ nìkan lò ń gbé."

"Ẹni tó ń dá gbé kọ́ là ń pè ní opó."

"Enelesi! Òjò tó ń bọ̀ yìí, ṣé abẹ́ koríko tó ń jò yẹn lo tún fẹ́ kó àwọn ọmọ sí? Ọkọ rẹ máa dé, á bá páànù lórí ilé ẹ̀. Ta la wá ṣe níbi níbẹ̀?"

Enelesi kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ ohun tí Pásítọ̀ ń sọ, ó sì mọ èyí tí kò sọ. Àmọ́ òjò ọdún tó kọjá ti lé wọn láti igun dé igun nínú yàrá yẹn, ó sì ti sú u. Ó gbà.

Ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ fún Laitoni. Ó ní àwọn àlejò fẹ́ràn láti ran obìnrin tí kò sí ọkùnrin nítòsí rẹ̀ lọ́wọ́.

"Àbí ẹ ò fẹ́ kí n bá wọn jẹ nínú adìyẹ ni?" Laitoni ní, ó ń ká àwọ̀n rẹ̀. "Kí lẹ máa wá ní ó ṣe mí?"

"A ó ní o rìnrìn àjò."

"Ṣé irọ́ wá nìyẹn? Mo ń rìnrìn àjò náà ni." Ó fi àwọ̀n kọ́ èjìká, ó lọ. Àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì, Enelesi kó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ di ẹnu ọmọdé.

Nígbà tí àwọn àlejò dé iwájú ilé, obìnrin àgbà kan wà láàárín wọn, Doroti lorúkọ rẹ̀, ó kúrú, irun rẹ̀ funfun báláú. Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lédè wọn, ó nawọ́ sí Enelesi. Doroti yọ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wá gbá ọwọ́ Enelesi méjèèjì mú, ó sì bú sẹ́kún.

"Ó ní ọkọ tòun náà kú lọ́dún tó kọjá," Pásítọ̀ túmọ̀. "Ó ní títí di ìsinsìnyí, ife tíì méjì lòun ń gbé sórí tábìlì láràárọ̀. Ó ní kí lorúkọ ọkọ tìẹ?"

Ojú ti Enelesi débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó wolẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ, Doroti sì rò pé ìbànújẹ́ ló tẹ orí rẹ̀ ba. Nígbà tí kò dáhùn, Pásítọ̀ bá a dáhùn. Ó pe orúkọ náà, ó sì gbóhùn sókè ní èdè méjèèjì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò gbàgbé opó Laitoni, Laitoni tí ikú mú lọ ní àìpẹ́ yìí. Ọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò dúró lójú ọ̀nà ó ń wòran àwọn òyìnbó. Ọmọ abúlé ìyá Laitoni ni. Ó gbọ́ àdúrà náà dé òpin, ó ṣí fìlà, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tú koríko dànù, wọ́n to igi, wọ́n ń kan páànù, kò sì sí ọjọ́ tí Doroti kò ní wá jókòó ti Enelesi lórí ẹní. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Obìnrin náà á fi àwòrán ọkọ rẹ̀ hàn án, á nu ojú rẹ̀, á sì rọra máa fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ì bá sàn fún Enelesi ká ní obìnrin náà burú. Onínúure ni, gbogbo inúure yẹn sì ń gún un bí ẹ̀gún.

Òrùlé ti dé ìdajì lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ igbe láti ojú ọ̀nà. Igbe òkú ni. Àwọn obìnrin ló ń bọ̀, wọ́n so gèlè mọ́ ìdí, àwọn kan ru igi ìdáná, àwọn kan ru apẹ̀rẹ̀ ìyẹ̀fun àgbàdo, bí a ti í ṣe tí a bá ń lọ sílé ọ̀fọ̀. Ìyá arúgbó kan tí eékún ń dùn ló ṣáájú wọn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ó sì ru ìyẹ̀fun tirẹ̀ lórí. Ìyá Laitoni ni. Ó ti fẹsẹ̀ gun òkè yẹn, ó ti fẹsẹ̀ sọ̀ ọ́.

Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Laitoni o! Laitoni, ta ló kù tó máa sin mí?" Ó yíjú sí Enelesi. "Enelesi, kí lọmọ mi fi ṣe yín? Kí ló fi ṣe yín tẹ́ ẹ fi rì í mọ́lẹ̀ láìpè mí? Ta ló wẹ̀ ẹ́? Oníkẹ̀kẹ́ ló sọ fún mi! Ṣé oníkẹ̀kẹ́ ló yẹ kó wá túfọ̀ ọmọ mi fún mi?"

Gbogbo òòlù dákẹ́ lórí ilé. Pásítọ̀ Kumbweza sáré dé ẹ̀gbẹ́ Enelesi, ó fọhùn jẹ́jẹ́.

"Jẹ́ kó sunkún. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èmi fúnra mi á lọ bá a ṣàlàyé. Ìdajì ṣì kù láti kàn."

Enelesi gbójú sókè. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: òrùlé ló kọ́kọ́ wò, kó tó wá wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ó kórìíra ara rẹ̀ fún un. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó fi ẹnu sún mọ́ etí ìyá.

"Ìyá, ó wà láàyè. Etí adágún ló wà. Ara ẹ̀ le."

"Kí lo wí?"

"Laitoni ò kú, Ìyá."

"Ta ló wá kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ sì ń gbàdúrà òkú lé ọmọ mi lórí?"

"Torí páànù ni, Ìyá."

Ìyá arúgbó náà wo orí ilé. Ó wo bíríkì tí ọmọ rẹ̀ sun. Omijé ṣì ń ṣàn lójú rẹ̀, nítorí kò sí bó ṣe lè dá a padà sínú.

Doroti ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ Pásítọ̀. Pásítọ̀ dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó nílò láti gbọ́ èdè òyìnbó kó tó mọ̀ pé òótọ́ kọ́ ló sọ, torí ṣe ni Doroti kúnlẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìyá àti ìyàwó mọ́ra pọ̀, tó ń sunkún bí ọmọ kékeré.

"Kí ló ń pa èyí lẹ́kún?" ìyá Laitoni béèrè.

"Ọkọ tiẹ̀ kú lóòótọ́," Enelesi ní.

"Ọkọ tiẹ̀ kú lóòótọ́." Ìyá náà mi orí. "Ó sì wá láti òkè òkun wá bá yín sunkún." Ó gbé ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa òyìnbó náà lẹ́yìn. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹkún tèmi kúkú ti jáde. Jẹ́ ká fi sun ọkọ tìẹ." Ó sì bá a sunkún títí.

Nígbà tó dìde, kò wo Enelesi mọ́. Àwọn obìnrin tó bá a wá bẹ̀rẹ̀ láti gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, ó dá wọn dúró.

"Ẹ dà á fún un. Ìyẹ̀fun tí mo rù nítorí òkú ọmọ mi, ẹ fẹ́ kí n tún gbé e wọlé mi?"

Wọ́n dà á sínú agbọ̀n Enelesi. Enelesi bu omi fún ìyá, kò gbà á. Wọ́n lọ.

Àwọn àlejò kan òrùlé tán. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Doroti di mọ́ Enelesi, Pásítọ̀ sì túmọ̀ pé ó ní láràárọ̀ lòun á máa dárúkọ Enelesi àti Laitoni nínú àdúrà. Enelesi mi orí. Pásítọ̀ ní, "Ṣó o rí i? Ó ti parí." 

Laitoni dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mélòó kan sí i, ó gbé ẹja gbígbẹ lọ́wọ́. Ó yí ilé ká, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọ̀pá kan páànù, ó gbọ́ bó ṣe ń dún. Enelesi ro nsima, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo, ó se ẹja sí i. Ìyẹ̀fun tó wà nílé, àlejò ti jẹ ẹ́ tán. Òun náà ti yẹra fún ìyẹ̀fun ìyá ọkọ rẹ̀ tó wà nínú agbọ̀n títí agbára rẹ̀ fi pin, torí ìgbà tí oúnjẹ wọ́n báyìí, ta ló ń da oúnjẹ nù?

Laitoni bù ú lẹ́ẹ̀kan, ó dáwọ́ dúró. Ìyá rẹ̀ máa ń rẹ àgbàdo sómi títí á fi kan díẹ̀ kó tó gún un, kò sì sí obìnrin Nasomba tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ìyẹ̀fun ìyá mi rèé," ó ní, inú rẹ̀ dùn. "Ṣé ó wá ni?"

"Ó wá."

"Pẹ̀lú eékún yẹn? Kí ló wá ṣe?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Enelesi. Ó lè ní ó wá kí wọn. Ó wo ilẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yìí kì í ṣe torí pé Pásítọ̀ ló ní kó wò ó.

"Ó wá sunkún rẹ," ó ní. "Opó ni wọ́n ní mo jẹ́, Laitoni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbàdúrà, mo ń ṣe àmín."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìgbé ojú sókè. Nígbà tó tán, Laitoni ṣì na ọwọ́ sórí abọ́.

"Bíríkì yẹn," ó ní jẹ́jẹ́, "ta lẹ sọ fún wọn pé ó sun ún?"

"Wọn ò béèrè."

Laitoni fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó wọlé lọ ká ẹní rẹ̀, ó mú ọkọ́ rẹ̀ àti àáké. Obìnrin tó bá rí ọkọ rẹ̀ kó nǹkan wọ̀nyẹn jáde lọ́dọ̀ wa, kò ní béèrè ibi tó ń lọ; ó mọ̀ pé ìgbéyàwó ti tú nìyẹn. Ó gbé agbọ̀n ìyẹ̀fun lé èjìká.

"Èyí ò ṣe é gbé padà," Enelesi ní. "Ìyá ò fẹ́ ẹ nílé."

"Òkú ni wọ́n gbé e wá fún," Laitoni ní. "Òkú ló ni ín. Jẹ́ kó gbé e fún ìyá ẹ̀ kó rí i."

Ó gba iwájú ilé àwọn àna rẹ̀ kọjá. Ẹnì kan tí kò tíì gbọ́ ohunkóhun pariwo látorí àga, "Àna wa, páànù ti délé o! A ò tún rí yín fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́!" Laitoni kò yíjú.

Enelesi bo oúnjẹ ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òjò dé, yàrá kò jò, àwọn ọmọ sùn dáadáa. Láràárọ̀ títí di òní, abọ́ méjì ló ń gbé sílẹ̀, tirẹ̀ àti ti Laitoni, ojú sì ń tì í láti gbé ọ̀kan kúrò.